Ọdún Tí Sàkírátù Di Àsíá Mú

Ìró ọwọ̀ ìyá Sàkírátù ni ó máa ń jí mi láràárọ̀ ní ọdún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ṣá, ṣá, ṣá, láti ẹnu ọ̀nà yàrá tirẹ̀ títí dé ìdí igi máńgòrò tó wà láàárín agbo ilé wa ní Ṣakí. Yóò wá gbá iwájú yàrá ìyá mi mọ́ ọn, bí ẹni pé ìyá mi kò lọ́wọ́. Kí n tó la ojú, inú ti ń bí mi. Lẹ́yìn ọwọ̀ ni ikọ́ Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá wa, tí ó máa ń dìídì húkọ́ kí gbogbo ilé lè mọ̀ pé òun ti kírun tán. Lẹ́yìn náà ni omi á máa hó nínú kẹ́tùrù, àwọn adìẹ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí èèpo iṣu. Ìyá mi ni ìyáálé, ìyá Sàkírátù ni ìyàwó, ṣùgbọ́n oṣù díẹ̀ péré ló wà láàárín èmi àti Sàkírátù, débi pé àwọn aládùúgbò a máa pè wá ní ìbejì oníyàá méjì. Èmi kì í jẹ́ wọn lóhùn. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé. Nítorí tèmi, Mọ́ríámọ̀, ni gbogbo ayé fi ń pe bàbá wa ní Bàbá Mọ́ríà, mo sì ka orúkọ yẹn sí ohun ìní mi bí ẹni tó ní ewúrẹ́. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ọmọ wà lọ́yàn mi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì dúró tì wá, ó ń wo ẹnu àbúrò rẹ̀ bí ẹni tó ń wo olè. N kò lè bá a wí. Mo mọ ohun tó ń ṣe é.

Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ ni ìyá mi máa ń ro òkà. Tí ìyá Sàkírátù bá rẹ́rìn-ín láti inú yàrá Bàbá, n óò rí i tí ọwọ́ ìyá mi á yára lórí omorogùn, tí òkà ọjọ́ náà á sì dán ju ti ọjọ́ mìíràn lọ. Kò sọ nǹkan kan rí. Mo rò pé níbẹ̀ ni mo ti kọ́ owú jíjẹ, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ mìíràn ṣe ń kọ́ òwò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wọn. Bàbá á jẹun tán, á ṣẹ́ ẹran kù sínú àwo, á ní kí a wá pín in. Ojú mi kì í kúrò lára ọwọ́ Sàkírátù títí ó fi máa gbé tirẹ̀ mì. Ẹran méjèèjì lè dọ́gba bí ẹyinjú méjì. Lójú tèmi, tirẹ̀ ló tóbi.

Tíṣà ni Bàbá, jọ́gíráfì ló ń kọ́ àwọn ọmọkùnrin ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan nígboro. Ibi tí ó ti kọ́ṣẹ́ tíṣà ni òyìnbó kan ti kọ́ wọn ní eré tí wọ́n ń pè ní rọ́gíbì. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ rí gbọọrọ bí ẹyin, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, ẹni tó bá sì gbé e, wọ́n lè gbá a mú ní ìbàdí kí wọ́n gbé e ṣánlẹ̀. Bàbá kó eré yìí wá sí Ṣakí bí ẹni kó irú iṣu tuntun wá sóko. Àwọn ará ìlú sọ ọ́ ní bọ́ọ̀lù ẹlẹ́yin. Lẹ́yìn ìrun Àsàrì, àwọn àgbẹ̀ tó ń ti oko bọ̀ á dá kẹ̀kẹ́ wọn dúró lẹ́bàá pápá, wọ́n á máa pariwo pé, “Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, adìẹ wo ló yé eléyìí? Ẹ bá wa mú òròmọ rẹ̀ kan!” Bàbá á ju ọwọ́ sí wọn, á rẹ́rìn-ín, á tún fọn fèrè.

Ohun tó ń kó ìdààmú bá a nínú eré náà ni òkìtì. Òkìtì ni àwọn ọmọ ilé ìwé ń pe ibi tí ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù bá ṣubú sí, tí àwọn tó kù á wọ́ jọ sórí rẹ̀, tí ìhà méjèèjì á máa fi ara ti ara wọn kí wọ́n lè gba bọ́ọ̀lù tó wà nílẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ara wọn léṣe. Òfin ibẹ̀ kò pọ̀, mo sì mọ̀ ọ́n títí dòní. Ẹni tó ṣubú gbọ́dọ̀ fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ kí ó sì yí kúrò lọ́nà. Ẹni tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ gba ẹ̀yìn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọlé, kò gbọdọ̀ ti ẹ̀gbẹ́ já lu èèyàn. Ó gbọ́dọ̀ fi apá di ẹlòmíràn mú, kì í ṣe kí ó fi èjìká lásán sọ ara rẹ̀ lù ú bí àgbò. Ó sì gbọ́dọ̀ dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ẹsẹ̀ lè wọ́ bọ́ọ̀lù sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ kan orí. Ìkẹyìn yìí ni Bàbá máa ń tún sọ.

Ṣùgbọ́n inú ẹkẹ ni àwọn ọmọ wa dàgbà sí. Nínú ìjàkadì tiwa, tí ẹ̀yìn èèyàn bá ti kan ilẹ̀, ó parí nìyẹn. Wọ́n ti dá a, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́. Òun náà á na apá gbalaja, á di ojú, kí ó má baà rí àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nínú rọ́gíbì Bàbá. Wọ́n á gbé ọmọ lulẹ̀, dípò kí ó yí kúrò, á nà sílẹ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lórí àyà, ojú dídì, àwọn géńdé á sì máa sáré bọ̀ lórí rẹ̀. Bàbá á fọn fèrè títí iṣan ọrùn rẹ̀ á fi yọ.

“Yí kúrò níbẹ̀! Ta ló ní o ti kú?”

“Wọ́n ti dá mi, sà.”

“Wọn ò dá ẹ! Kò sí dídá níbí! Dìde jàre!”

Nígbà náà ni Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò di àsíá mú ní ẹ̀gbẹ́ pápá, tí yóò máa wo òkìtì láti ibi tí ojú tirẹ̀ kò dé, tí yóò gbé àsíá sókè tí ó bá rí ìwà ìpalára. Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àwọn kò ráyè. Ọmọ ilé ìwé kò ṣeé lò, yóò gbè sẹ́yìn àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ni ó bá kó èmi àti Sàkírátù lọ sí pápá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní kí a wo òkìtì kan dáadáa, kí a sọ ohun tí a rí. Èmi ló kọ́kọ́ bi. Mo ní bọ́ọ̀lù ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó wọ pupa. Ó ní, “Sàkírátù ńkọ́?” Sàkírátù fi ẹsẹ̀ kan ha ẹsẹ̀ kejì, ó ní, “Ẹni gíga yẹn fi ìgbọ̀nwọ́ gún ẹni tó wà nílẹ̀ lọ́rùn, Bàbá. Ó kọ́kọ́ wo ojú yín ná, ó rí i pé ẹ ò wo òun.” Bàbá wá rẹ́rìn-ín sí i, irú ẹ̀rín tí mo rò pé èmi nìkan ló ni ín. Ó ní, “Ọmọ yìí lójú. Òǹwòran ló ń wo bọ́ọ̀lù, Mọ́ríà. Ẹsẹ̀ àti ọwọ́ ni adájọ́ ń wò.” Kí n sọ òtítọ́: bọ́ọ̀lù gan-an kọ́ ni mo ń wò. Bàbá ni mo ń wò.

Báyìí ni Sàkírátù ṣe di alásìíá, tí wọ́n sì gbé garawa omi lé èmi lórí. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, Bàbá á tẹ́ ẹní síta, á to èèpo ẹ̀pà sílẹ̀ bí èèyàn, á máa kọ́ ọ: eléyìí ṣubú, eléyìí ti ẹ̀gbẹ́ wọlé, kí ni wàá ṣe? Èmi á jókòó sí ẹnu ọ̀nà ìyá mi, n óò máa ṣa ẹ̀wà, etí mi á sì wà lórí ẹní yẹn. Gbogbo ohun tó kọ́ ọ ni mo kọ́, pẹ̀lú òkúta nínú ẹ̀wà. Nígbà mìíràn Bàbá á bi í ní ìbéèrè, òun á sì máa rò ó, ìdáhùn á ti dé ẹnu mi, n óò gbé e mì. Àwọn ọmọ ilé ìwé wá bẹ̀rẹ̀ sí í pe Bàbá ní Bàbá Sàkírátù. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo da omi nù. Mo sáré lọ sọ fún ìyá mi ní ìdí ààrò. Kò wẹ̀yìn. Ó ní, “Ta ló kú?” Mo ní kò sí ẹni tó kú. Ó ní, “Nu ojú rẹ. Má jẹ́ kí wọ́n rí i lójú rẹ. Wọ́n lè rí i ní gbogbo ara, má ṣáà jẹ́ kí wọ́n rí i lójú.” Ṣùgbọ́n ojú mi kò gbọ́ràn. Gbogbo agbo ilé ló mọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ láyé: kí Bàbá yíjú sí mi lẹ́bàá pápá, kí ó bi mí pé kí ni mo rí, kí ó sì gbà á gbọ́.

Ọjọ́ tí àwọn ọmọ ilé ìwé kan láti ọ̀nà Ìsẹ́yìn wá bá wa díje, pápá kún dẹ́nu. Tíṣà wọn gbà kí Bàbá ṣe rẹfirí, nítorí òfin òkìtì kò dá òun náà lójú. Sàkírátù wà ní ìhà ìlà oòrùn pẹ̀lú àsíá rẹ̀. Dírẹ́bà ọkọ̀ tó gbé wọn wá ni wọ́n fún ní àsíá ìhà kejì, ó ń fi í lé eṣinṣin. Ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà yìí ni mo gbé omi sí. Ẹni tí gbogbo èèyàn wá wò ni Làmídì, ọmọ ìlú Kòmu kan tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ nítòsí ilé wa, ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò sí ẹni tó lè dá a nínú ẹkẹ. Eré ti ń lọ sópin nígbà tí wọ́n gbé ọmọ Ìsẹ́yìn kan lulẹ̀ níwájú mi gan-an. Ọmọ náà fi ẹnu sọlẹ̀, ó yí ẹ̀yìn lélẹ̀, ó wá ṣe bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe: ó na apá, ó di ojú. Òkìtì wọ́ jọ. Làmídì gba ẹ̀yìn wọlé bó ṣe yẹ, ó di ẹnìkan mú, ó gbé ẹsẹ̀ láti fi wọ́ bọ́ọ̀lù. Mo rí ẹsẹ̀ náà. Ó balẹ̀ lẹ́bàá etí ọmọ náà, eruku sì bò ó lójú. Bí wọ́n ṣe tú ká, ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Ní ìhà kejì, àsíá Sàkírátù ti wà lókè.

Bàbá fọn fèrè, ó sáré lọ bá a. Gbogbo wa ló gbọ́ ohùn Sàkírátù, nítorí pápá ti dákẹ́: “Ó tẹ̀ ẹ́ lórí, Bàbá. Mo rí i.” Bàbá bi ọmọ Ìsẹ́yìn. Ó ní, “N ò mọ̀, sà. Mo dijú.” Làmídì ní òun kò fẹsẹ̀ kàn án, àwọn ọmọ Ìsẹ́yìn hó lé e lórí. Mi ò mọ ìgbà tí mo fò wọ inú pápá. “Kò tẹ̀ ẹ́ o! Bàbá, kò tẹ̀ ẹ́! Ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ ló tẹ̀! Ìgbà tó ṣubú ló gé ètè jẹ!” Bàbá yíjú. Ó wò mí, ó wo Sàkírátù, ó tún wò mí. Mo rí ohun tó rò lójú rẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ó ń ṣàánú mi, “Mọ́ríà, lọ gbé omi rẹ.” Ó sì lé Làmídì jáde. Ọmọ náà bọ́ aṣọ rẹ̀, ó jù ú sílẹ̀, ó gba àárín àwọn èèyàn kọjá láìwo ẹnìkan. Wọ́n na ilé ìwé wa lọ́jọ́ náà. Dírẹ́bà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, “Ọmọbìnrin, ìwọ náà rí i pé ẹsẹ̀ ò kàn án, àbí?” Mo ní, “Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?” Ó ní, “Ta ló bi mí?”

Ọ̀rọ̀ ti délé kí a tó délé. Ìyá Sàkírátù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ lẹ́yìn ìbàdí. Ó ní, “Mọ́ríà, kí ni ọmọ mi fi ṣẹ̀ ọ́, tó o fẹ́ sọ ọ́ di òpùrọ́ láàárín ọjà?” Ìyá mi gba garawa lórí mi. Ìyá Àgbà ló ké láti orí àpótí rẹ̀ pé kí gbogbo wa wá. Ìlànà kan wà tí obìnrin náà fi ń dá ẹjọ́ ọmọdé nílé wa, tí n kò rí nílé ibòmíràn: o kò lè ro tìrẹ àyàfi tí o bá ti dúró síbi tí ẹnìkejì rẹ dúró sí, kí o sì sọ tirẹ̀ bí ẹni pé ìwọ ni. Ó wo Bàbá tó ń bọ́ bàtà, ó ní, “Tíṣà, dùbúlẹ̀.”

“Ìyá mi, ó ti rẹ̀ mí.”

“Ìdí tí mo fi ní kí o dùbúlẹ̀ nìyẹn. Orí rẹ síbí. Na apá. Dijú bí ẹni tí wọ́n dá.”

Bàbá mi, tíṣà, pẹ̀lú ṣòkòtò pénpé àti fèrè lọ́rùn, dùbúlẹ̀ sínú eruku agbo ilé. Àwọn ọmọ tó yọjú lórí ògiri bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà gbé ìró rẹ̀ sókè díẹ̀, ó di èjìká ìyá mi mú, ó gbé ẹsẹ̀ ògbólógbòó rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá etí ọmọ rẹ̀ bí mo ṣe júwe rẹ̀ fún un. “Sàkírátù, dúró síbi tó o dúró sí. Níbo lo rí ẹsẹ̀ mi?” Sàkírátù ní, “Lórí orí wọn, Ìyá Àgbà.” Lóòótọ́ ni; nígbà tí wọ́n ní kí n lọ dúró síbẹ̀, èmi náà rí i. Orí Bàbá bo ilẹ̀ òdìkejì mọ́ mi lójú, ẹsẹ̀ náà dà bí ẹni pé àárín irun ló wà. Mo ní láti sọ ọ́ bí òfin ilé wa: “Èmi Sàkírátù, mo rí ẹsẹ̀ lórí orí.” Ó korò lẹ́nu mi bí èso tí kò pọ́n. Wọ́n wá ní kí òun náà wá síbi tèmi. Ó rìn yí bàbá wa ká, ó dúró, ó bẹ̀rẹ̀, ó tún wò ó. Àlàfo wà láàárín etí àti ẹsẹ̀, ọwọ́ èèyàn lè gbabẹ̀ kọjá. Ó lè purọ́. Èmi ni mo mọ bí ó ti rọrùn tó láti purọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, “Èmi Mọ́ríà, mo rí ẹsẹ̀ nílẹ̀.” Ẹkún sì gbà á.

Bàbá dìde, eruku wà lára etí rẹ̀. Ó ní, “Mo ti lé ọmọ ọlọ́mọ jáde láìṣẹ̀.” Kò wẹ̀, kò jẹun, ó wọ bàtà rẹ̀ padà, ó lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n bàbá Làmídì kí wọ́n tó pe ìrun Màǹgàríbì. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń retí rẹ̀. Mo ti to ohun tí yóò sọ fún mi jọ lọ́kàn: Mọ́ríà, ìwọ lo jàre, Mọ́ríà, ṣé o rí i. Nígbà tí ó dé, ó fọwọ́ kàn mí lórí, ó ní, “O ṣeun,” ó sì kọjá. Ọ̀dọ̀ Sàkírátù ló lọ, níbi tó ti ń sunkún ní ìdí igi máńgòrò. Ó jókòó sílẹ̀ tì í. Ó fi apá gbá a mọ́ra. Mo gbọ́ tí ó ń sọ pé òun fúnra òun ló fọn fèrè, pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Èmi ni mo jàre, ẹni tó ṣì í wò ni wọ́n ń rẹ̀ lẹ́kún. Mo ti bímọ báyìí, mo mọ ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ń sunkún ni ọwọ́ òbí ń sáré bá. Mo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mímọ̀ kò tíì mú un tu mí lára. Títí dòní, tí Sàkírátù bá wá kí Bàbá láti Ìlọrin, tí mo sì gbọ́ ẹ̀rín wọn nínú pálọ̀, ọwọ́ mi máa ń yára lórí ohunkóhun tí mo bá ń ro.

Nígbà tí ilé ìwé wa tún máa gbá rọ́gíbì, èmi ni Bàbá fún ní àsíá. Ó gbé e fún mi láàárín gbogbo èèyàn, ó ní, “Mọ́ríà ni alásìíá mi lónìí.” Sàkírátù gbé omi. Mo wo ẹsẹ̀ títí ojú fi ń ta mí. Ọmọ kan ti ẹ̀gbẹ́ já wọ òkìtì, ó fi èjìká lásán sọ ara rẹ̀ lu ẹni tó bẹ̀rẹ̀, mo gbé àsíá, Bàbá sáré wá, ó ní, “Kí lo rí?” Mo sọ fún un. Kò bi ẹlòmíràn. Ó fọn fèrè lórí ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Inú mi dùn débi pé mo rò pé n óò ṣubú.

Nígbà tí eré parí, ó gbé máṣíìnì, alùpùpù rẹ̀, síta. Sàkírátù dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú garawa òfìfo, kò bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Bàbá gbé ọmọ náà sókè, ó gbé e ka iwájú, láàárín apá rẹ̀ méjèèjì. Ó ní, “Mọ́ríà, ìwọ ti di àgbà. Tẹ̀ lé àwọn ọmọ ilé ìwé máa bọ̀.” Wọ́n lọ. Mo dúró lójú ọ̀nà, mo ń wo ẹ̀yìn orí wọn nínú eruku. Ọwọ́ Bàbá kan wà lórí ìdarí máṣíìnì, èkejì wà níwájú àyà Sàkírátù kí ó má baà ṣubú. Mo gbé àsíá sókè gbọọrọ, bí wọ́n ṣe kọ́ mi, mo sì di í mú síbẹ̀ títí wọ́n fi yà sí ọ̀nà ilé. Kò sí ẹni tó wẹ̀yìn.